Ojú gìtá lu: ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òmù-Àrán gbé gìtá rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń tún gìtá ṣe ní Tánkè, n'Ílọrin. Inú bọ́ọ̀sì ni irin ìdúró máìkì ti ṣubú lé e, tó sì gún un lójú. Ó lu jára. Ihò ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ sẹ́lótéèpù tó fi bò ó tó èyí tí wọ́n fi ń di páálí ẹrù. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, ni mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀.

Bọ̀dá, ihò ràbàtà ṣáà wà lójú gìtá látilẹ̀. Kí ni kékeré yìí fẹ́ bàjẹ́?

O rò ó dáadáa. Ihò yẹn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ti àárín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Tí a bá wo gbogbo àyè tí ihò kọ̀ọ̀kan gbà, tìrẹ yìí kò ju bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú gìtá ló ń ran ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, ihò tó bá sì kún ti tẹ́lẹ̀ á gbé ohùn afẹ́fẹ́ náà sókè díẹ̀. Etí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní mọ̀.

Igi tó sán nígbà tí irin wọlé ni kó o bẹ̀rù. Wo gángan: awọ ló ń ké, igi kàn gbé e dúró ni. Ojú gìtá ni awọ tirẹ̀. Igi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tín-ín-rín ni, bíi mìlímítà 2.5 sí 3. Okùn irin mẹ́fà sì ń fà á tọ̀sán-tòru, àpapọ̀ ìfà wọn tó bíi kílò 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Tí igi bá ti sán níbì kan, ìfà yẹn lè máa fa ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, á máa bá ìlà ara igi lọ. Bí a bá sì ní ká fi nǹkan wúwo dí i, a ti so òkúta mọ́ awọ ìlù nìyẹn. Ohùn rẹ̀ á kú.

Ṣé gbogbo gìtá ló ń sán bẹ́ẹ̀?

Rárá. Tẹjú mọ́ etí ihò àárín. Tí ìlà igi tó wà lókè bá wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀, odindi igi ni, spruce ló sì sábà máa ń jẹ́, igi ilẹ̀ olótùútù. Tó bá rí bí búrẹ́dì tí wọ́n tò léra, plywood ni. Plywood kì í sán jìnnà, àmọ́ ó máa ń fọ́n ká wúruwùru níbi tí wọ́n ti gún un. Tìrẹ yìí, odindi igi ni. Oríire àti wàhálà ni.

Kí ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe?

Kó o tú okùn rẹ̀. Kó o má fi ìka ti ihò náà wọlé sí i. Kó o sì ṣa gbogbo ìṣẹ́ igi tó bọ́ sínú, títí dé èyí tó rí bí igi ìtayín, nítorí kò sí igi mìíràn tí yóò bá ojú ibẹ̀ mu tó wọn. Sẹ́lótéèpù yìí ńkọ́? Bí mo ṣe ń ṣí i ló ń bá ọ̀dà lọ. Kò yẹ kó o lẹ̀ ẹ́ rárá.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe báyìí?

Láti inú. Mo ti ọwọ́ bọ ihò àárín, mo ti tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré bọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Mo kọ́kọ́ wo àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ojú gìtá bíi lẹ́tà X. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó bẹ́ẹ̀: ilé iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1840. Mo fi ìka gbá ojú gìtá, kò dún gbàràràrà, ìyẹn ni pé kò sí èyí tó ṣí nínú wọn.

Mo fi aṣọ tútù díẹ̀ rọ etí ihò náà, mo rọra ti àwọn ìṣẹ́ igi padà sáàyè wọn. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni mo fi igi ìtayín tọ́ sí gbogbo ojú ibi tó sán. Lẹ́yìn náà, mo gé pátákó arère pẹlẹbẹ kan, bíi mìlímítà 2. Arère fúyẹ́, kò ní di ẹrù fún ojú gìtá. Mo fá etí rẹ̀ kó tín-ín-rín, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, kí ìlà rẹ̀ dábùú ìlà ojú gìtá kó lè di ibi tó sán mú. Níta, ibi tí igi ti sọnù, mo fi ègé spruce kékeré dí i, ṣùgbọ́n ìlà tiyẹn bá ti ojú gìtá lọ gbọọrọ.

Kí ni mo fi tẹ̀ ẹ́? Òòfà sípíkà àtijọ́ méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Mo fi ọ̀rá pọ́ọ̀wátà sáàárín kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ̀ mọ́ òòfà. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó tú u.

Super glue ńkọ́? Àbí èyí tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe fi ń dí ihò?

Super glue dára fún ibi tó sán tín-ín-rín, àmọ́ ó máa ń yára gan mọ́ ibi tí o kò fẹ́, ó sì lè ba ọ̀dà jẹ́. Ti ara mọ́tò, èmi náà ti ṣe é sí gìtá mi àkọ́kọ́. Ó dán gbinrin. Bí mo ṣe ta á, àfi bíi pé mò ń lu ilẹ̀kùn.

Ṣé ọyẹ́ kò ní ṣí i?

Ọyẹ́ Ìlọrin gbẹ, igi á sún kì, ibi tó bá ti sán rí ló sì máa ń kọ́kọ́ dánwò. Fi kànìnkànìn tútù tí o ti fún dáadáa sínú àpótí ọṣẹ oníhò, kó o gbé e sínú báàgì gìtá náà. Má gbé gìtá náà kọ́ sára ògiri.

Àpá rẹ̀ á hàn?

Á hàn. Mo fi sáńpépà tó kúnná fá a, mo fi ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ tọ́ ọ, síbẹ̀ ìlà méjì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní ṣé kí n kun ún kó bò. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gìtá òun ti kọlà.