Ibi tí Máàpù Íntánẹ́ẹ̀tì ti Ṣẹ̀

Nínú gbogbo máàpù íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ju róbótó mẹ́rin lọ. Oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni wọ́n fọwọ́ yà á: yunifásítì UCLA, ilé ìwádìí SRI, yunifásítì Santa Barbara àti ti Utah, ní Amẹ́ríkà, ìlà tó so wọ́n pọ̀, àti orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ róbótó rẹ̀. Odindi ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀, nìyẹn. Bó ṣe ń gbòòrò ni ilé-iṣẹ́ BBN, tó ṣe ẹ̀rọ oríta rẹ̀, ń ya òmíràn. Kò nira, torí abẹ́ àkóso kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, NSFNET, dé lọ́dún 1986, ọ̀rọ̀ sì di púpọ̀. National Science Foundation ti Amẹ́ríkà ló ń náwó sí òpó àárín rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ńlá tó so àwọn yòókù pọ̀. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹkùn bíi NYSERNet ní New York àti BARRNet lágbègbè San Francisco wá so mọ́ ọn. Lóṣù Kẹrin 1995, wọ́n pa òpó náà tì, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gbà á ṣe. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí gbogbo máàpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó yọ wá ti wà nílẹ̀ ṣáájú: traceroute, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpa ọ̀nà, tí Van Jacobson kọ ní nǹkan bí ọdún 1988 lórí àbá Steve Deering. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń wú mi lórí. Pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé ìsọfúnni tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbé iye kan dání, ráútà (ẹ̀rọ oríta) kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, kó má baà máa yípo láìdúró. Ráútà tí iye náà bá tán sí lọ́wọ́ á jù ú nù, á sì ránṣẹ́ padà pẹ̀lú àdírẹ́sì ara rẹ̀. Jacobson wá mọ̀ọ́mọ̀ fi 1 ránṣẹ́: ráútà àkọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó fi 2 ránṣẹ́: èkejì dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ọ̀nà. Oríta fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ ara rẹ̀!

Lọ́dún 1998, Bill Cheswick àti Hal Burch ní Bell Labs fi irú ọgbọ́n yìí tọpa ọ̀nà káàkiri ayé, wọ́n sì yà á bí igi ẹlẹ́ka. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lójú kan, ọ̀nà tó ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde nìkan ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí CAIDA, àjọ olùwádìí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Diego lọ́dún 1997, fi ń wọ̀n ọ́n láti ibi púpọ̀.

Lónìí, àwọn alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn ń kọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti ń pàdé sínú PeeringDB, àkójọ ìsọfúnni kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó fi traceroute yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibẹ̀ náà ni pákẹ́ẹ̀tì ń gbà lóòótọ́.