Òòfà Lórí Ọpọlọ: Bí Ìtọ́jú Yìí Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ fún Ọ̀dọ́ Tí Ìpayà Kò Kúrò Lára Rẹ̀

Ìjàǹbá ọkọ̀ lè parí láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ara ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ náà má sì mọ̀ pé ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 16 kan ní Iléṣà, tí bọ́ọ̀sì tó wọ̀ gbókìtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, síbẹ̀ bí táyà bá dún gbàmù lójú títì, àyà rẹ̀ á já, òógùn á bò ó. Oorun kò kùn ún mọ́, kò fẹ́ wọ mọ́tò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìrìn-àjò náà sí òun létí. Àwọn ará ilé á ní agídí ló ń ṣe, àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ní í sá. Bí irú ìpayà bẹ́ẹ̀ bá lé ní oṣù kan, tó ń da oorun, ilé-ìwé àti àjọṣe ọmọ rú, àwọn dókítà ń pè é ní PTSD. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ti ń dán wò fún un, tí wọ́n ń pè ní TMS: òòfà ni wọ́n ń gbé lé orí láti ta ọpọlọ jí. Kí á tó dé ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ.

Apá kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amígdálà. Òun ló máa ń figbe ta nígbà tí ewu bá dé, tí ọkàn á máa lù kìkì, tí ẹsẹ̀ á múra eré. Apá mìíràn wà lẹ́yìn eegun iwájú orí. Òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ewu náà ṣì wà, tí kò bá sí mọ́, á ní kí ara farabalẹ̀. Lára ẹni tí PTSD ń bá jà, apá ìsàlẹ̀ ń pariwo láìdákẹ́, ti iwájú kò sì lágbára tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ti ọ̀dọ́ tún wá le sí i, nítorí apá iwájú yìí ló máa ń gbó kẹ́yìn nínú ọpọlọ. Ènìyàn lè tó ọmọ ọdún 25 kó tó gbó tán.

Ibi tí òòfà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní 1831, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná mànàmáná á gba inú wáyà náà kọjá láìjẹ́ pé ohunkóhun fara kàn án. Òfin yìí kan náà ni jenẹrétọ̀ tó ń dí wa létí lálaalẹ́ ń lò. Ní 1985, Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield gbé òfin náà dé orí ènìyàn. Lónìí, wáyà bàbà tí wọ́n ká bíi nọ́ńbà 8, tí wọ́n fi ike líle bò, ni wọ́n ń gbé lé orí. Ẹ̀rọ á kó iná jọ, á sì tú u sínú wáyà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó di pé ènìyàn ṣẹ́jú. Òòfà tó jáde lè tó Tesla 1.5 sí 2 (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), èyí tó bá ti MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, dọ́gba, àmọ́ kì í pẹ́ rárá. Irun, awọ àti eegun orí kò lè dá a dúró. Bó ṣe ń yára gòkè tó ń yára sọ̀ yẹn ló ń mú kí iná díẹ̀ sáré nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Agbára yìí kì í sábà wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé òòfà ń pa ìrántí burúkú rẹ́ kí ó fi èyí sọ́kàn: amígdálà jìn ju ibẹ̀ lọ, òòfà kò sì pa ìrántí kankan rẹ́. Apá iwájú ni wọ́n ń jí, nítorí pé àwọn iṣan tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ wà, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa bá amígdálà wí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù. Ọmọ á jókòó lórí àga, á bọ́ yẹtí, á yọ píìnì irun, á gbé fóònù sílẹ̀, wọn á fi nǹkan dí i létí. Dókítà á máa sún wáyà náà díẹ̀díẹ̀ lókè orí, á máa wá ibi tó ń darí ọwọ́. Ẹ̀rọ á máa dún kọ́! kọ́! bó ṣe ń tú iná sílẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, àtàǹpàkò ọmọ á sọ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ ló gbé e. Wọn á wá dín agbára ẹ̀rọ kù títí wọn á fi rí ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó ṣì ń mú kí àtàǹpàkò sọ nígbà márùn-ún nínú mẹ́wàá. Orí kálukú yàtọ̀, ìwọ̀n yìí ni wọ́n sì fi ń ṣètò ìtọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn á sún wáyà síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 kó lè bọ́ sórí apá iwájú, tàbí kí wọ́n fi àwòrán MRI tọ́nà.

Bí ìró kọ́-kọ́ náà ṣe ń yá sí ṣe pàtàkì. Ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sábà máa ń mú kí apá ọpọlọ tó wà níbẹ̀ rọlẹ̀. Mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sábà máa ń jí i. Fún PTSD, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ṣe é jù. Ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan lè tó ogún ìṣẹ́jú sí ogójì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kan wà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ti iná tí wọ́n ń fi sí orí aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn kùn ún lóorun. Ojú ọmọ á là, á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì lè padà sílé-ìwé lọ́jọ́ náà.

Orí lè fọ́ ọ, awọ orí lè máa ta á. Gìrì ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí rẹ̀ ni wọn kì í fi í ṣe fún ẹni tó ní wárápá àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹni tí irin wà nínú orí rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ran sí inú etí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Àìsùn náà máa ń mú gìrì súnmọ́lé, bẹ́ẹ̀ àìsùn gan-an ni PTSD ń kó bá ọmọ. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í láràárọ̀ ni pé, "Ṣé o sùn lánàá?"

Ní agbègbè wa, ohun tó máa kọ́kọ́ dí ètò yìí lọ́wọ́ kì í ṣe òòfà. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná tí kì í ṣe ségesège. Bí ẹ̀rọ náà bá sì wà ní Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà sí ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 30: ọmọ tí mọ́tò ń dẹ́rù bà ni wọ́n máa ní kó máa wọ mọ́tò ní àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù kan ó lé! Owó ọkọ̀ nìkan ti tó kí ìyá ọmọ mí kanlẹ̀.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ náà kò dọ́gba. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú wò, fọwọ́ sí i fún ìbànújẹ́ ọkàn àwọn àgbàlagbà ní 2008, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2024 fún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 21 tó ní ìbànújẹ́ ọkàn, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ìtọ́jú mìíràn. Fún PTSD, wọn kò tíì fọwọ́ sí i fún ọmọdé tàbí àgbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tó ti jagun rí, wọ́n lo òòfà lára àwọn kan kété kí wọ́n tó jókòó ti olùtọ́jú fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ara àwọn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí kò ní agbára lé lórí. Àgbà ni gbogbo wọn. Ti ọ̀dọ́ ṣì kéré gan-an.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọ̀dọ́. Dókítà ẹ̀ka ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn ńlá OAUTHC ní Ifẹ̀. Ilé-ìwòsàn yìí kan náà ló ni Wesley Guild ní Iléṣà, ibẹ̀ sì lè kọ ìwé fún ọmọ láti lọ rí wọn. Ọmọ á máa sọ ìtàn ìjàǹbá náà ní ẹsẹẹsẹ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, òbí á wà nítòsí, wọn á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí nígbà tí àyà bá ń já. Bó bá yá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí kò tan iná, lẹ́yìn ìyẹn á jókòó sínú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọn á gbé e dé oríta kan péré. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá ṣe èyí fún dáadáa, ọ̀pọ̀ kò ní dé ìdí ẹ̀rọ rárá.