Àwọ̀n tí wọ́n fi ń wo inú púrótọ́ọ̀nù

Apẹja tó bá da àwọ̀n olójú ńlá sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹja ńlá nìkan ni yóò kó wálé. Bó bá da àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ síbi kan náà, á wá rí ẹja kéékèèké tó ti ń yọ́ bọ́ lójú ti àkọ́kọ́. Bí púrótọ́ọ̀nù, ẹ̀yà bíńtín tó wà ní àárín átọ́ọ̀mù, ṣe rí nìyẹn. Ní kíláàsì, wọ́n ní kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: irú òkè méjì, irú ìsàlẹ̀ kan. Irọ́ kọ́; àwọ̀n olójú ńlá ló kó ìyẹn. Bí ojú àwọ̀n bá wẹ́, gúlúọ́ọ̀nù tó so wọ́n pọ̀ yóò hàn, pẹ̀lú kúáàkì àti òdìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń jọ yọ, tí wọ́n sì ń jọ pòórá.

Ìkọlù ni àwọ̀n náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní SLAC, ilé ìwádìí kan ní California, wọ́n ń yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu púrótọ́ọ̀nù. Ká ní inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ ni, wọn ì bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ta yà gidigidi, bí ohun tó kọlu èkùrọ́. Friedman, Kendall àti Taylor gba ẹ̀bùn Nobel torí rẹ̀ ní 1990.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Òfin agbára tó so kúáàkì pọ̀ kò ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n agbára ọ̀hún le débi pé ìṣirò orí ìwé kò lè sọ bí àwọn ẹ̀yà inú púrótọ́ọ̀nù ṣe pín agbára ìrìn rẹ̀ láàárín ara wọn. Nítorí náà, wọ́n á ya ìlà kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láti fi ìpín rẹ̀ hàn, ìlà tó ṣeé tẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní DGLAP á gbé e láti ojú àwọ̀n ńlá dé ojú wẹ́wẹ́. Wọ́n á fi wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n tí àwọn ilé ìwádìí ti kó jọ, wọ́n á tún un tẹ̀, títí méjèèjì yóò fi bára mu. Bí wọ́n bá ro gbogbo ìpín pọ̀, odindi kan ni kó jẹ́, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ọwọ́ gúlúọ́ọ̀nù ni bí ìdajì rẹ̀ wà.

Nínú LHC, ihò abẹ́ ilẹ̀ oníkìlómítà 27 lẹ́bàá Geneva tí wọ́n ti ń yin púrótọ́ọ̀nù lu púrótọ́ọ̀nù, àwọn ẹ̀yà inú púrótọ́ọ̀nù yìí ló ń kọlu ara wọn. Gúlúọ́ọ̀nù méjì ló sábà máa ń bí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Higgs, tí wọ́n rí ní 2012. Ẹni tó bá ṣi ìpín gúlúọ́ọ̀nù kà, yóò ṣi iye Higgs kà.

Ọ̀nà NNPDF, ẹgbẹ́ olùwádìí kan tó ń ya irú ìlà yìí, ló wuni jù, torí wọn kì í fúnni ní ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n á ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àwọn ìwọ̀n náà, wọ́n á yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀ ní ìwọ̀n àṣìṣe tó lè wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ń kọ́ nǹkan bí ọpọlọ á sì fa ìlà tirẹ̀ yọ lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, 100 ìlà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ IMSP, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́, lè yà wọ́n lé ara wọn. Níbi tí ìwọ̀n pọ̀ sí, àwọn ìlà á fún pọ̀ bí ìdí ìgbálẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára ìrìn, tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, wọ́n á tú ká bí ẹnu rẹ̀.