Ta ni ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ń sanwó fún?

Títún ìwé ọkọ̀ ṣe ní Abẹ́òkúta kì í gba àròjinlẹ̀. Ẹni tó ń bá ọlọ́kọ̀ ṣe é á gba owó, á lọ, á bọ̀, á wá na ọ̀rá kan sí i. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì náà wà níbẹ̀. Ó di inú pígín-hóòlù, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í ka ìwé ìnṣọ́ránsì yẹn títí ọjọ́ tí ọkọ̀ á fi gbá ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìwé tí wọ́n fi ₦15,000 rà kò ní kọ́bọ̀ kan fún ọkọ̀ tiwọn.

Third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíràn, ni ìwé náà, òun sì ni òfin sọ di dandan. Láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ti wà pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lójú títì láìní ìnṣọ́ránsì tí yóò gbọ́ bùkátà ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe tàbí tó bá pa. Òfin ọdún 2003 fi dúkìá ẹlòmíràn kún un. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ìnṣọ́ránsì tuntun ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, dandan náà kò kúrò nílẹ̀. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ló gbé owó ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún láti oṣù kìíní ọdún 2023. Iye tí wọ́n lè san lórí dúkìá tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bà jẹ́ kò kọjá mílíọ̀nù 3 náírà. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000, wọ́n lè san tó mílíọ̀nù 2. Ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000, wọ́n lè san tó mílíọ̀nù 1. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń san ₦100,000, ìsanpadà tirẹ̀ sì lè dé mílíọ̀nù 5. Ẹni tó bá ti rí bí típà olókùúta ṣe ń já bọ̀ lẹ́yìn òun kò ní béèrè ìdí tí tiwọn fi wọ́n.

Ká ní Corolla kan ń bọ̀ láti Ìta-Òṣìn sí Láfẹ́nwá, bíréèkì kò mú, ó sì wọ ẹ̀yìn Camry kan. Búùtù Camry wọnú, láìtì ẹ̀yìn fọ́, ẹni tó jókòó sẹ́yìn fara pa lọ́rùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla náà ti ká sókè, rédíétọ̀ ń da omi. Bí third party ni Corolla ní, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ni yóò tún Camry ṣe, tí yóò sì tún san owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀ Corolla? Àpò ẹni tó ni ín ni. Bí àtúnṣe Camry bá sì jẹ́ mílíọ̀nù 3 ààbọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 tó lé lórí òpin yẹn, ọrùn ọlọ́kọ̀ Corolla ló wà.

Ọlọ́kọ̀ Camry kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìṣe nǹkan. Kó ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti nọ́ńbà tó wà lórí ìwé Corolla sílẹ̀, kó sì lọ gba ìwé ìròyìn ìjàǹbá lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Corolla ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwé iye tí páńẹ́ẹ̀lì-bítà dá lé àtúnṣe náà. Wọ́n á rán ẹnì kan wá wo ọkọ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ẹni tó jẹ̀bi á dọ̀bálẹ̀, èrò á pé jọ, àgbàlagbà kan á ní kí wọ́n fi ti Ọlọ́run ṣe é, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó dára fún àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ bá ti fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, tó sì ṣèlérí owó láìsọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san ohunkóhun, nítorí àdéhùn inú ìwé wọn kò fàyè gba ìyẹn.

Ẹ̀yà ìnṣọ́ránsì mìíràn wà, tó fi iná àti olè kún third party. Bí ọkọ̀ bá jóná tàbí tí wọ́n bá jí i gbé, ẹni tó ni ín rí nǹkan gbà. Bí ó bá fúnra rẹ̀ kọlu òpó iná, kò rí nǹkan kan.

Comprehensive ló ń tọ́jú ọkọ̀ ẹni tó rà á. NAICOM sọ pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀, nítorí náà ọkọ̀ mílíọ̀nù 6 kò lè san kéré sí ₦300,000 lọ́dún. Owó gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ san án béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn kan máa ń pe iye ọkọ̀ wọn ju bó ṣe jẹ́ lọ, wọ́n rò pé àwọn á jèrè. Iye tí ọkọ̀ náà ń tà lọ́jà lọ́jọ́ tí nǹkan ṣe é ni wọ́n á san, wọn kò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye kan sì wà, tí wọ́n ń pè ní excess, tí ọlọ́kọ̀ ń kọ́kọ́ gbé fúnra rẹ̀ nínú àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Omíyalé náà ńkọ́? Ẹni tó ń páàkì nítòsí Odò Ògùn gbọ́dọ̀ béèrè èyí, torí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń ra ti omi mọ́ comprehensive. Bákan náà ni rògbòdìyàn. Èyí tó tún ń dá ọ̀ràn sílẹ̀ jù ni kábúkábú. Ìwé tó sọ pé ọkọ̀ àdáni ni kò bo ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Kútọ̀ lọ sí Èkó ní ìdájí. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí èrò mẹ́rin tó sanwó wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti ní kò kan àwọn.

Ìwé lásán náà pọ̀ níta. Ìwé tó jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní NIID. Kí ọlọ́kọ̀ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí askniid.org lórí fóònù. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó padà lọ bá ẹni tó gba owó rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ third party wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìnṣọ́ránsì àwìn kò sì sí: bí owó kò bá tíì wọlé, kò sí ààbò, ohun yòówù kí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ gba Ìdìrókò kọjá sí Kútọnu gbọ́dọ̀ gba Brown Card ECOWAS, ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kó tó gbéra. Third party tí wọ́n rà nílé kò kọjá ẹnubodè.