Bí Ìròyìn Ibà Lassa Ṣe Kúrò Nínú Fáìlì Bọ́ Sínú Fóònù

Bí ọyẹ́ bá ti dé ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń dáná sun igbó, eku, tó ń gbé ibà Lassa kiri, á sá wọlé, á sì máa rìn lórí láfún tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìgbà náà gan-an niṣẹ́ ń pọ̀ fún DSNO, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ètò tó bí iṣẹ́ yìí, ọdún 1998 làwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀: 001 fún àrùn tí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la, 002 fún ti ọ̀sẹ̀, 003 fún ti oṣù. Láti ilé ìwòsàn, bébà á dé ìjọba ìbílẹ̀, á dé Àkúrẹ́, kó tó forí lé Àbújá. Bí ọ̀gá kan bá rìnrìn àjò, fáìlì á sùn dè é.

Èbólà ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014. Èèyàn 894 tó bá aláìsàn lò ni wọ́n ní láti ṣọ́, ọjọ́ 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀wò náà tó 18,500. Ta ni wọ́n ti bẹ̀ wò lónìí, ta ló kù? Bébà kò lè tètè dáhùn. Látinú ìrírí yẹn ni ilé ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig, Jámánì, àtàwọn ọmọ Nàìjíríà ti gbé SORMAS kalẹ̀, ètò orí fóònù tí òṣìṣẹ́ fi ń tẹ ìròyìn àrùn ránṣẹ́. Kano àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 2015. Nígbà tí monkeypox bẹ́ sílẹ̀ ní 2017, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àrùn, sáré gbé e dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Nínú fóònù, ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ ni kókó, kì í ṣe ọjọ́ tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn, torí láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́ ni ribavirin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà Lassa, ń ṣiṣẹ́ jù. Bí kò bá sí nẹ́tíwọọ̀kì, ohun tí wọ́n tẹ̀ á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tó wà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ńkọ́? Mílílítà 4 sí 5, nínú ìgò onídèérí àwọ̀ àlùkò tó ní EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, kí wọ́n má mì í jìgìjìgì, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti fọ́ kò wúlò. Wọ́n á dì í ní ìpele mẹ́ta, wọ́n á fi yìnyín yí i ká.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ. "Olúwaṣeun" lára ìgò, "Ìyá Bọ̀sẹ̀" nínú fóònù: ẹ̀rọ á kà á sí èèyàn méjì, èsì á dé, kò ní rí ẹni tó ni ín. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára ìgò, lára fọ́ọ̀mù àti nínú fóònù, kí wọ́n tó kúrò níbi ibùsùn.

Fóònù kì í sì wọn ìgbóná ara ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ ló ṣì ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó bá aláìsàn lò, ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná lọ́wọ́. Bó bá ti kà ju 38°C lọ, ọkọ̀ aláìsàn á kọrí sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀.