Ta ló ni orin "Happy birthday to you" gan-an? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sátidé tó kọjá la ṣe bọ́ọ̀dè ọmọ àbúrò mi ní Kàbà níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, wọ́n ti tan àbẹ́là sórí kéèkì, gbogbo wa ti pàtẹ́wọ́ kọ "Happy birthday to you" tán, bí ọmọ ṣe ní kóun fẹ́ iná pa báyìí ni ìyá wa àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bá ní, "Orin tẹ́ ẹ máa ń kọ yìí, ta ló dá a sílẹ̀?" Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ní orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹlòmíì ní orin ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, pé kò lẹ́ni tó kọ ọ́, ó ti wà tipẹ́tipẹ́. Tísà jẹ́lé-ó-sinmi ni mí, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ orin yẹn fáwọn ọmọ, ó dùn mí gan-an pé mi ò rí màmá dá lóhùn. Mo lọ wádìí ẹ̀. Láti ìgbà tí mo sì ti ń sọ fáwọn èèyàn ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu wọn, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Ṣé orin ìbílẹ̀ ni, àbí ẹnì kan ló kọ ọ́?

Ẹnì kan kọ́, àwọn méjì ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, obìnrin làwọn méjèèjì. Mildred Hill ni ẹ̀gbọ́n, Patty Hill ni àbúrò, ní ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. 1859 ni wọ́n bí Mildred, òun ló mọ dùùrù tẹ̀, òun ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ohùn orin. 1868 ni wọ́n bí Patty, òun sì ni tísà, iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi bíi tèmi yìí ló ń ṣe, nígbà tó yá ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní New York.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é wú mi lórí. Mildred á gbé ohùn kalẹ̀, Patty á wá ọ̀rọ̀ sí i, á gbé e lọ bá àwọn ọmọ ní kíláàsì, tó bá rí i pé ohùn ti lọ sókè jù fún wọn tàbí pé ọ̀rọ̀ ń kọ́ wọn lẹ́nu, á gbé e padà wálé, wọ́n á tún un tò, á tún gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì á fi kọ ọ́ láìsí ìnira. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lórin rí nìkan ló lè mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn èèyàn á ní orin yẹn rọrùn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Iṣẹ́ ló mú un rọrùn o, wọ́n ṣiṣẹ́ sí i ni. Lọ́dún 1893 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé orin kan tí wọ́n pè ní Song Stories for the Kindergarten.

Ṣé fún bọ́ọ̀dè ni wọ́n kọ ọ́?

Rárá o, ibi tó ti yà mí lẹ́nu jù nìyí. Orin ìkíni ni! "Good Morning to All" ni wọ́n pè é, "ẹ káàárọ̀ o gbogbo yín" nìyẹn, tísà á fi kí àwọn ọmọ tí wọ́n bá dé láàárọ̀: *good morning to you, good morning to you, good morning dear children, good morning to all.* Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ohùn yẹn gẹ́lẹ́ náà sì ni.

Àwa tá a wà ní apá ibí yìí, ó yẹ kí èyí tètè yé wa ju àwọn yòókù lọ. Kí ló dé tí wọ́n ń pè wá ní Okun? Ìkíni wa ni. Ẹ̀ka èdè Owé yàtọ̀ sí ti Yàgbà, ti Ìjùmú yàtọ̀, Bùnú àti Òwórò náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n níbi gbogbo tó o bá dé, "okun" ni wọ́n á fi kí ẹ, ìgbà tó yá ìkíni náà di orúkọ tí wọ́n fi kó gbogbo wa pọ̀. Ìkíni lè rìn débi tẹ́ni tó kọ́kọ́ kí i ò lérò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin àwọn Hill náà nìyẹn.

Báwo ni "good morning" ṣe wá di "happy birthday"?

Patty fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní àwọn máa ń yí ọ̀rọ̀ orin yẹn padà sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: tọ́mọ kan bá ń lọ sílé wọ́n á kọ ọ́ ní ó dàbọ̀, tó bá di Kérésì wọ́n á kọ ti Kérésì, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ kan wọ́n á kọ ọ́ ní "happy birthday". Tísà ni mí, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ohun táwa náà ń ṣe nìyẹn, orin kan ṣoṣo lo máa fi fọwọ́, fi jẹun, fi lọ sílé.

Ẹ wá wo nǹkan kan báyìí. "Good mor-ning to you", ẹ ka ìró ohùn ẹ̀ lórí ìka, márùn-ún ni: *sọ, la, sọ, do, ti*. "Hap-py birth-day to you", ẹ tún un kà, mẹ́fà ni: *sọ, sọ, la, sọ, do, ti*. Ẹ rí i pé "sọ" àkọ́kọ́ ni wọ́n là sí méjì kí "happy" lè ríbi jókòó sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tó máa fi di 1912, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dè àti ohùn yẹn ti wà pa pọ̀ nínú ìwé, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ò sì dárúkọ àwọn Hill. Mildred kú ní 1916, kò rí i pé orin òun gba ayé kan. Nígbà tó máa fi di 1933, iléeṣẹ́ tẹligíráàmù ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi wáyà jíṣẹ́ fún èèyàn, ti ń kọ ọ́ sétí èèyàn lórí fóònù.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbowó lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni?

Lóòótọ́ ni, owó ńlá sì ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí ó lọ́ pọ̀.

Lọ́dún 1933 wọ́n ṣe eré orí ìtàgé kan ní New York, Irving Berlin ló kọ àwọn orin ẹ̀, wọ́n fi orin bọ́ọ̀dè yìí sínú ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyá wọn kan, Jessica Hill, ló bá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1934, ó ní ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n òun ni. Iléeṣẹ́ tó tẹ ìwé orin wọn, ti Summy ní Chicago, wá lọ forúkọ "Happy Birthday to You" sílẹ̀ ní 1935 gẹ́gẹ́ bí nǹkan ìní wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó nínú fíìmù, ní tẹlifíṣọ̀n, tàbí lórí ìtàgé tí wọ́n ti ń gbowó ìwọlé, ó gbọ́dọ̀ sanwó. Ẹ kíyè sí i nínú àwọn fíìmù òyìnbó àtijọ́, wọ́n á gbé kéèkì jáde, ẹ ò ní gbọ́ "Happy birthday", orin míì ni wọ́n á kọ, àwọn ilé oúnjẹ ńlá náà sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní orin tiwọn, torí owó yẹn náà ni. Kọ́ńpìnì ń ta ẹ̀tọ́ yẹn fún kọ́ńpìnì, títí Warner/Chappell fi rà á ní 1988, wọ́n sì ní ó ń mú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dọ́là wọlé lọ́dún.

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù o, ẹni tó kọ ọ́ nínú yàrá ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ta ló wá gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn?

Obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, Jennifer Nelson. Ó fẹ́ ṣe fíìmù nípa orin yìí gan-an, ni wọ́n bá ní kó san 1,500 dọ́là. Ó san án, ṣùgbọ́n ní 2013 ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan tó ń jẹ́ Robert Brauneis ti ṣe ìwádìí gidi sí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, ó ti ní ẹ̀rí tí wọ́n dì mú ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn lọ́yà wá rí ìwé orin kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1922, orin bọ́ọ̀dè yẹn wà nínú ẹ̀ lódindi, kò sì sí àmì kankan lára ẹ̀ tó fi hàn pé ẹnì kan ló ni ín, bẹ́ẹ̀ àwọn Warner/Chappell ń sọ pé 1935 làwọn ti ni ín.

Ní September 22, 2015, Adájọ́ George H. King dá ẹjọ́ ní Los Angeles pé ìwé tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ní 1935, títẹ dùùrù kan báyìí ló wà fún, kò kan ọ̀rọ̀ orin yẹn rárá. Ohùn orin náà, ti 1893 yẹn, àsìkò ẹ̀tọ́ orí ẹ̀ ti tán láti 1949! Nígbà tó di 2016, Warner/Chappell gbà láti kó mílíọ̀nù 14 dọ́là kalẹ̀ fáwọn tó ti sanwó tẹ́lẹ̀, orin sì di ti gbogbo ayé. Tí kì í bá ṣe ẹjọ́ yẹn ni, ó di 2030 kí wọ́n tó jáwọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mi ò purọ́, torí iṣẹ́ tí tísà ṣe fọ́mọ kéékèèké ni, kò yẹ kó wà nínú àpótí ẹnì kankan.

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò ìnáwó, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wù yín. Ẹ kàn rántí pé tó bá jẹ́ olórin kan ló gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ní ẹni tó ni ín o.

Èyí tí Stevie Wonder kọ ńkọ́? Ti Evi-Edna Ogholi ńkọ́?

Orin míì nìyẹn. Ti Stevie Wonder, Martin Luther King ló fi ń ṣe ìrántí, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọjọ́ ìbí ọkùnrin náà di ọlidé, Amẹ́ríkà sì gbà ní 1983. Ti Evi-Edna, ọmọ Nàìjíríà tiwa ni, réggè ni, kò sí bọ́ọ̀dè táwa lọ nígbà èwe wa tí wọn ò ti lù ú.

Kí ló dé tí kò fi dùn tá a bá kọ ọ́ ní Yorùbá?

Èyí ni màmá bi mí gbẹ̀yìn, òun ló sì gba àkókò jù lọ́wọ́ mi. Àwọn kan máa ń kọ "Ẹ kú ọjọ́ ìbí" sí ohùn yẹn. Ẹ kà á, mẹ́fà ni, ó bá a mu rẹ́gí: ẹ, kú, ọ, jọ́, ì, bí. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Àmì ohùn ni kò bá a mu. Tá a bá sọ "ọjọ́" lẹ́nu, ó ń gòkè ni, re-mí, orin wá fà á wálẹ̀ láti "la" sí "sọ". Ó tún wá burú sí i ní "ìbí". Dò-mí ni, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí "ì" wà kí "bí" wá gòkè, orin wá gbé "ì" sókè téńté, òun ló ga jù nínú gbogbo ìlà yẹn, "bí" wá ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní ohùn rara kí ẹ tẹ́tí sí i. Kì í ṣe "ìbí" mọ́, ó ti ń lọ sí "ibi". Ọjọ́ ibi! Ta ló máa fi ìyẹn kí ọmọ? Màmá ní ìdí tóun fi máa ń dijú tí wọ́n bá ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ohun kan náà ló ṣe àwọn orin ìjọ táwọn míṣọ́nnárì kọ́kọ́ túmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn tiwọn, ìtumọ̀ wá ń dàrú lẹ́nu, títí àwọn olórin wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohùn tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀.

Ṣé àwọn àgbà wa ò ní orin bọ́ọ̀dè ni?

Wọn kì í ka ọjọ́ bó ṣe wà nínú kàlẹ́ńdà. Wọ́n bí mi, wọ́n sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ìyẹn ni àríyá, ẹ̀yìn ìyẹn orúkọ ló ń rántí fún wọn. Abíọ́dún, ìgbà ọdún ni wọ́n bí i. Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni. Bọ́sẹ̀dé bá ọ̀sẹ̀ dé, Béjidé bá òjò dé. Ti ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un: ní Ẹ̀gbẹ̀ wọ́n á ní ṣáájú kí Titcombe, míṣọ́nnárì òyìnbó, tó mú ìhìnrere dé ní 1908 tàbí lẹ́yìn ẹ̀, màmá tiwa máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn nígbà tí wọ́n yí pọ́n-ùn sí náírà, 1973 nìyẹn.

Lọ́jọ́ bọ́ọ̀dè yẹn, lẹ́yìn tọ́mọ fẹ́ iná pa tán, màmá ní kó wá. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pe oríkì ẹ̀, Àṣàkẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kì í lọ láti ìdílé bàbá bọ́ sí ti ìyá, kò yára rárá. Ọmọ tó ti ń sá kiri látàárọ̀ dúró sójú kan, kò mira. Kéèkì wà níbẹ̀ kò sẹ́ni tó gé e.