Ẹ Jẹ́ Kí Báńkì Máa Bá Yín Yọ Owó Ìfẹ̀yìntì Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Owó Oṣù

Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníṣòwò Gbági àti àwọn òṣìṣẹ́ Agodi máa ń bi mí: “Èló ni kí n máa fi pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́?” Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ta ni yóò máa bá yín yọ owó náà? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa rántí lóṣooṣù, owó ilé ẹ̀kọ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ ẹbí ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí owó náà.

Àwọn ìyá wa lọ́jà Bódìjà ti mọ èyí tipẹ́. Alájọ kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá rántí òun. Ìsọ̀ wọn ló ń bá wọn. Báńkì ni mo fẹ́ kó ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún yín, kí owó náà sì wọ àkáǹtì tí ẹ kò ti lè kó gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá wù yín.

Bí agbanisíṣẹ́ yín bá wà lábẹ́ Òfin Àtúnṣe Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 ń kúrò lára owó yín, agbanisíṣẹ́ sì ń fi 10 kún un. Ṣùgbọ́n owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń wò láti ṣírò rẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń kéré sí bí ẹ ṣe rò. Ẹ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó níbi iṣẹ́ yín pé kí wọ́n máa yọ díẹ̀ sí i. Télọ̀, mẹkáníìkì àti oníṣòwò náà ti lè ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ti ara wọn láti ọdún 2019.

Ẹni tó ń dá owó náà san fúnra rẹ̀ ni kó gba standing order, ìyẹn àṣẹ pé kí báńkì máa fi iye kan náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá mú, ní báńkì tàbí lórí fóònù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. PFA tí ẹ bá yàn, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín, kọ́ ló ń tọ́jú owó náà lọ́wọ́; PFC, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ló ń pa á mọ́. Nítorí náà, ẹ béèrè nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lọ́dọ̀ PFC lọ́wọ́ PFA, ní kíkọ sílẹ̀. Bí aṣojú kankan bá ní kí ẹ san án sínú àkáǹtì òun, ẹ má san án. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́, nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN ni kí ẹ kọ, láìfo ẹyọ kan. Owó tí kò ní nọ́ńbà lè wà níbẹ̀ láìmọ olówó.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí owó oṣù máa ń wọlé ni kí ẹ mú. Bí àkáǹtì bá ti gbẹ lọ́jọ́ náà, owó kò ní lọ, nítorí náà iye tí kò ní ni yín lára ló dára jù. Oníṣòwò tí owó rẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù lè fi ti ọ̀sẹ̀ ṣe. Báńkì yóò béèrè ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ má fi sí ọdún kan, kó má baà dáwọ́ dúró lẹ́yìn yín.

Ẹ gbà pé ₦10,000 lẹ ń fi síbẹ̀ lóṣooṣù, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, tí à ń ṣírò lóṣooṣù. Lọ́dún 10, yóò tó mílíọ̀nù 2.05; lọ́dún 20, yóò tó mílíọ̀nù 7.6, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 2.4 péré lẹ fi sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o, kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí rẹ̀. Ọ̀wọ́n-gógó ọjà sì ju ìdá 30 nínú 100 lọ ní ìparí ọdún 2024, torí náà ẹni tó bá fi ₦10,000 náà sílẹ̀ láìfi kún un fún ogún ọdún yóò rí i pé kò ra nǹkan gidi mọ́. Oṣù kan náà lọ́dọọdún ni kí ẹ máa fi kún un. Ẹ mú oṣù tí wọ́n máa ń fi kún owó yín.

Lẹ́yìn oṣù kejì, ẹ béèrè ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ PFA. Bí ẹ kò bá rí owó yín níbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rí báńkì lọ sí ẹ̀ka wọn kí wọ́n fi nọ́ńbà PEN wá a, kí ẹ sì tún ohun tí ẹ kọ sí standing order ṣe kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé.